Báwo la ṣe ń yan àpilẹ̀kọ ọ̀mọ̀wé tó ta yọ jù lọ fún àmì ẹ̀yẹ? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wéÌgbìmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Yunifásítì wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àmì ẹ̀yẹ ọdọọdún fún àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé tó bá ta yọ jù lọ, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Owó ti wà. Orúkọ àmì ẹ̀yẹ náà ti wà. Ohun tí a ò tíì ní ni bí a ó ṣe dá èyí tó ta yọ mọ̀ láàárín àwọn tó kàn dára. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa ò ní gboyè náà rárá, nítorí náà gbogbo iṣẹ́ tó máa dé iwájú wa ló ti yege. Gbogbo alámòójútó ló sì máa kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tòun ò lẹ́gbẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ tèmi. Ọjọ́ tí mo gbèjà rẹ̀, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n sì gbé e lọ sí láíbìrì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mo lọ wò ó níbẹ̀, eruku ti bò ó. Mi ò fẹ́ kí ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí bẹ́ẹ̀.

Ta ló yẹ kó máa fa èèyàn kalẹ̀? Kí ni kí àwọn adájọ́ kà? Báwo la ṣe máa gbé iṣẹ́ kẹ́mísìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìtàn, tí a ó sọ pé ọ̀kan ju èkejì lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Adájọ́Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ yìí, ọdún àkọ́kọ́ ló sì burú jù. Wọ́n kó odidi àpilẹ̀kọ mọ́kànlélógún fún wa, wọ́n ní ká kà wọ́n tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n tán. Kálukú ka èyí tó bá ìmọ̀ tirẹ̀ mu, ó wá sí ìpàdé láti jà fún un, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù ló sì borí. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ṣí kọjá ogún ojú ìwé.

Ẹ pín in sí ìpele méjì. Ní ìpele kìíní, ẹ má gba odidi iṣẹ́. Ẹ gba àkékúrú tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kọ, tí kò ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ, ẹ gba lẹ́tà alámòójútó, kẹ́ ẹ sì gba lẹ́tà ẹnì kan tí kò bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ rárá. Ẹ ṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kù nínú wọn. Àwọn yẹn lẹ ó wá kà láti páálí dé páálí. Kí adájọ́ méjì ó kéré tán ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni tí ìmọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbé ka iwájú bí mo bá ń kà á ò ju ẹyọ kan lọ: kí ni a ò mọ̀ kí iṣẹ́ yìí tó dé, tí a wá mọ̀ báyìí? Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ lè fi gbólóhùn mẹ́ta dáhùn. "Mo ṣe àyẹ̀wò lórí ọ̀rọ̀ báyìí báyìí" kì í ṣe ìdáhùn. Iṣẹ́ tó ta yọ máa ń yí nǹkan kan padà lọ́kàn ẹni tó bá kà á. Tẹ́ ẹ bá pa á dé, ẹ ó rí i pé ohun kan wà tẹ́ ẹ ti ń gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò lè gbà gbọ́ mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún pípín máàkì lọ́gbọọgba o. Ọdún kejì, a fún àkọ̀tun ní márùndínlọ́gbọ̀n, ìlànà ìwádìí márùndínlọ́gbọ̀n, ọ̀nà ìkọ̀wé márùndínlọ́gbọ̀n, àǹfààní márùndínlọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní níbi gbogbo, tí kò sì sọ ohun tuntun kankan, ló gba ipò kìíní. Inú ẹnikẹ́ni nínú wa ò dùn sí i, ṣùgbọ́n máàkì ti sọ̀rọ̀ tán. Lọ́dún kẹta, a fún àkọ̀tun ní ìdajì.

Olùkọ́Físíìsì

Adájọ́ ti sọ ọ́. Kí n fi kan kún un: ẹ má jẹ́ kí sísanra ìwé tàn yín jẹ. Àpilẹ̀kọ tí John Nash, onímọ̀ ìṣirò, fi gboyè ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1950 ò ju nǹkan bí ojú ìwé 28 lọ. Ó ṣàlàyé bí àwọn tó ń bára wọn díje ṣe lè dé ibi tí kò ti sí èrè fún ẹnikẹ́ni láti dá nìkan yí ìpinnu tirẹ̀ padà. Ìmọ̀ yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1994. Tó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù yín ní kí iṣẹ́ má dín ní igba ojú ìwé, ẹ ti lé irú rẹ̀ síta nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Louis de Broglie. Ó gbé àpilẹ̀kọ tirẹ̀ kalẹ̀ ní Paris lọ́dún 1924, ó ní bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe bí ìgbì tó tún ń ṣe bí èérún, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, gbọ́dọ̀ ní ìgbì tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí àwọn olùdánwò. Paul Langevin, ọ̀kan lára wọn, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Einstein, Einstein sì fọwọ́ sí i gidigidi. Ní 1927, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi hàn pé òótọ́ ló sọ. Ní 1929, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ wo ohun tí Langevin ṣe. Kò ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀, kò sì torí pé ọ̀rọ̀ ṣàjèjì kó ní kò dáa. Ó wá ẹni tó lè wò ó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín pé ìgbìmọ̀ lè fi iṣẹ́ tó bá kọjá òye wọn ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níta, kí owó tí wọ́n máa fún onítọ̀hún sì ti wà nílẹ̀, nítorí ìwé kíkà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

ỌmọÌtàn

Ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì, ẹ rántí àwa náà o. Nínú ìmọ̀ ìtàn àti lítíréṣọ̀, ohun tuntun kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àwárí. Ó lè jẹ́ pé ìwé tí gbogbo èèyàn ti kà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ náà kà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà kà á rí. Ọ̀nà ìkọ̀wé sì ni iṣẹ́ náà gan-an níbẹ̀, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un. Ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ òpìtàn Allan Nevins pè. Ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ dáadáa jù lórí ìtàn Amẹ́ríkà. Wọ́n mọ̀ pé ìtàn tí kò ṣeé kà, a ò tíì sọ ọ́ nìyẹn.

Lórí kẹ́mísìrì àti ìtàn: ẹ má fi wọ́n wéra. Àmì ẹ̀yẹ tí Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, àti ProQuest, ilé iṣẹ́ tó ń kó àpilẹ̀kọ jọ, jọ ń ṣe láti 1982 pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin gbòòrò. Ọdọọdún ni wọ́n ń mú méjì nínú mẹ́rin náà, àwọn méjì tó kù á wá di ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ò sì lè fà ju ẹnì kan kalẹ̀ lọ nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé.

Akọ̀wéÌgbìmọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ẹ̀yin ỌmọÌtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parí lọ́dún tí kò kan ìmọ̀ tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti pàdánù nìyẹn?

ỌmọÌtàn

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí àyè rẹ̀ jẹ́ ọdún méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá gboyè láàárín ọdún méjì tó ṣáájú lè wọlé, kò sẹ́ni tó máa bọ́ sáàárín.

KíkọKóòdù

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àjọṣe. Lọ́dọ̀ àwa onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àpilẹ̀kọ púpọ̀ ni wọ́n fi mẹ́ta mẹ́rin nínú àwọn bébà tó ti jáde dì pọ̀, orúkọ èèyàn márùn-ún sì lè wà lórí bébà kan. Tí ẹ bá fún akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́bùn, iṣẹ́ ta lẹ ń yẹ́ sí? Ẹ ní kó kọ ojú ìwé kan tí yóò sọ, orí kan tẹ̀ lé òmíràn, ohun tí òun fúnra òun rò, ohun tí òun kọ, èyí tí ẹlòmíràn ṣe. Kí alámòójútó fọwọ́ sí i. Kò ní dí ẹnì kankan lọ́wọ́, ó sì máa gba ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ àríyànjiyàn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ tí ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ń fún àpilẹ̀kọ ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń bá dọ́là 20,000 rìn. Ti Otto Hahn tí àjọ ìwádìí Max Planck ní Jámánì ń fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ wọn láti 1978, Yúrò 7,500 ni, ó sì lè tó ọgbọ̀n èèyàn tó ń gbà á lọ́dún kan. Ọ̀nà méjèèjì ló dára. Èmi fara mọ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì fún yunifásítì. Bí owó yín bá ti tó ẹnì kan lọ́pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta.

Ẹni_Tí_Wọn_Ò_Fà_Kalẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ tèmi.

Alámòójútó mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí n parí. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ò ka iṣẹ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Olùdánwò tó wá láti ìta kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé ó wà lára àwọn iṣẹ́ tó dára jù tí òun tíì dán wò. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí àkókò àmì ẹ̀yẹ dé, ìlànà wọn sọ pé alámòójútó nìkan ló lè fa èèyàn kalẹ̀. Èyí tó lọ ò sí mọ́, èyí tó wà ò mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ mi ò dé iwájú ìgbìmọ̀ kankan. Mo lọ bi wọ́n, wọ́n ní ìlànà ni ìlànà.

Kì í ṣe pé mo mọ̀ dájú pé mo máa gbà á. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò kà á.

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fa ara rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé. Àmọ́ ẹ má fi mọ síbẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n tọ́ wọn pé kí wọ́n má polówó ara wọn. Ẹ ka gbogbo ìjábọ̀ àwọn olùdánwò tó wá láti ìta lọ́dún náà. Inú fáìlì ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ibi tí olùdánwò bá ti kọ irú ohun tí tèmi kọ, kí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí onítọ̀hún pé kó wá.

Adájọ́Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín yìí tóbi ju gbogbo ohun tí mo sọ lókè lọ. Ìjábọ̀ olùdánwò ò wá sọ́kàn mi rí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n kọ kí àmì ẹ̀yẹ tó dé ọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ò polówó fún ẹnì kankan.

Ó tún rán mi létí ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ní 2003, Frances Trix àti Carolyn Psenka tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí lẹ́tà tó lé ní 300 tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ fún obìnrin kúrú ju ti ọkùnrin lọ, gbólóhùn tó ń dá iyè méjì sílẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ka èyí ni mo ti ń sọ fún àwọn tá a jọ ń dájọ́ pé kí wọ́n má kọ́kọ́ ṣí lẹ́tà. Ẹ ka àkékúrú ná, ẹ kọ èrò yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá ṣí lẹ́tà. Kí lẹ́tà náà sì dáhùn ìbéèrè tí ẹ bá kọ fún wọn, dípò kí wọ́n kàn máa yìn ín. "Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí rí tí ẹ̀yin alámòójútó ò rí?" Ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹlòmíràn ò ní lè dáhùn.

Olùkọ́Físíìsì

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé kí iye bébà tó ti jáde nínú jọ́nà kà? Èmi rò pé ó yẹ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn.

ỌmọÌtàn

Mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí èyí, ẹ̀gbọ́n. Nínú ìmọ̀ tiwa, àpilẹ̀kọ máa ń di ìwé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sí bébà kankan láàárín. Ẹ ó kàn máa fìyà jẹ wá ni. Tún wò ó: ẹni tí alámòójútó rẹ̀ ní yàrá ìwádìí ńlá á ti ní bébà mẹ́fà, ẹni tó dá nìkan wá data tirẹ̀ kiri lè ní ẹyọ kan. Iṣẹ́ tó wà nínú àpilẹ̀kọ ni kẹ́ ẹ dájọ́ lé lórí.

Olùkọ́Físíìsì

Mo gbọ́. Ká fi í sílẹ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má fi fún un ní máàkì. Àmọ́ mi ò tíì yí èrò mi padà lórí ti físíìsì.

Òṣìṣẹ́Láíbìrì

Ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó máa ń da nǹkan rú. Ọjọ́ wo lẹ ó fi ka ọdún? Ọjọ́ ìgbèjà, ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀dà ìkẹyìn sílẹ̀ ní láíbìrì, àbí ọjọ́ ayẹyẹ ìgboyè? Ó lè tó oṣù mẹ́jọ láàárín wọn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́. Èmi á ní kẹ́ ẹ mú ọjọ́ ẹ̀dà ìkẹyìn, nítorí òun ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ dájú.

Èkejì: àwọn kan máa ń ní kí láíbìrì ti iṣẹ́ wọn pa fún ọdún kan tàbí méjì, bóyá nítorí ìwé tó fẹ́ jáde tàbí ìhùmọ̀ tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn lé wọn síta. Kí adájọ́ kàn fọwọ́ sí ìwé pé ohun tóun bá kà ò ní jáde lẹ́nu òun. Ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí wọ́n bá rí i lẹ́yìn náà pé ẹni tó gba ẹ̀bùn jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ó dára kó ti wà nínú ìlànà kí ọjọ́ náà tó dé.

MoGbàÁRí

Mo gba irú àmì ẹ̀yẹ yìí nígbà kan. Owó náà wúlò, mo fi san gbèsè. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣì ń tọ́jú ni lẹ́tà olójú ìwé kan tí àwọn adájọ́ kọ, tí wọ́n sọ ibi tí iṣẹ́ mi ti mú wọn dúró ronú, àti ibi tí wọn ò gbà pẹ̀lú mi. Kò sẹ́ni tó tíì ka iṣẹ́ mi dé ibi tí wọ́n kà á dé. Orí kẹrin tí wọ́n bá mi jiyàn lé lórí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí mò ń ṣe lónìí.

Ẹ kọ irú rẹ̀ fún gbogbo àwọn tó bá dé ìpele kejì. Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni. Ẹni tí kò gbà á ló tún nílò rẹ̀ jù.

Ohun kan tún kù. Ẹ fún ẹni tó bá gbà á láyè láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ìdíje tí Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré àti àwòrán kan ṣoṣo ṣàlàyé àpilẹ̀kọ rẹ̀, ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Èmi ò ní fi ìyẹn dájọ́, nítorí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ lè má jẹ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ jù. Àmọ́ lẹ́yìn ìdájọ́, ó dára púpọ̀.

Akọ̀wéÌgbìmọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ méjì nìyí. A ṣèpàdé lánàá, mo sì tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún wọn lórí bébà.

Wọ́n gba ìpele méjì. Wọ́n gba kí ìdajì máàkì jẹ́ ti àkọ̀tun. Ọ̀nà mẹ́rin, méjì lọ́dún, ọdún méjì ni àyè. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fa ara rẹ̀ kalẹ̀. Ojú ìwé "ta ló ṣe kí ni" ti wọlé, ọjọ́ ẹ̀dà ìkẹyìn náà ti wọlé. Lórí ọ̀rọ̀ bébà inú jọ́nà, a jiyàn fún wákàtí kan, a ò sì rí i yanjú. A sún un síwájú.

Ẹni_Tí_Wọn_Ò_Fà_Kalẹ̀, mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún wọn láìyọ gbólóhùn kan. Gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n lọ kó gbogbo ìjábọ̀ olùdánwò ti ọdún méjì tó kọjá jáde. Mo ti rí mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láàárọ̀ yìí, mo ti rí méjì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó jọ ti yín, kò sì sí èyí tí wọ́n fà kalẹ̀ fún ohunkóhun nínú àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè mi ìkẹyìn: tí kò bá sí èyí tó ta yọ lọ́dún kan ńkọ́?

Adájọ́Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta

Ẹ má fún ẹnì kankan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà nísinsìnyí, kí wọ́n má bàa fipá mú yín lọ́jọ́ kan.

Ẹni_Tí_Wọn_Ò_Fà_Kalẹ̀

Ẹ ṣé o, Akọ̀wé. Ẹ ṣé gan-an. Àwọn méjì tẹ́ ẹ rí yẹn, ṣé ẹ ti kọ̀wé sí wọn?

Akọ̀wéÌgbìmọ̀

Mo ti kọ sí ọ̀kan. Ímeèlì èkejì ò lọ, ó ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mò ń wá nọ́ńbà rẹ̀.